Ẹwà Tí Kì Í Ṣá: Ìdí Tí Ìwé Àwòrán Ọmọdé Àtijọ́ Fi Ń Wu Ojú Títí Di Òní

Ìfáárà

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí nǹkan kékeré: ìwé àwòrán tí a ṣe fún ọmọdé, pàápàá jù lọ èyí tí a ti tẹ̀ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó dáyé.

Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ ìwé tuntun fún àwọn ọmọdé kárí ayé, púpọ̀ nínú wọn ni a sì máa ń gbàgbé kíákíá. Síbẹ̀ àwọn kan wà tí wọ́n jáde ní ọdún 1865, ní 1878, ní 1902, tí ọmọ òde òní ṣì ń jókòó tì, tí àgbàlagbà sì ń fi owó gidi wá kiri. Kí ló fà á?

Ìdáhùn tó máa ń yá lẹ́nu èèyàn ni pé ohun àtijọ́ a máa dùn mọ́ni, pé ìgbà èwe wa ni a ń rà padà. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n kò gbé ìdí rẹ̀ délẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin kò tíì ní ìgbà èwe tí yóò máa ṣàárò. Tí ẹ bá ṣí ọ̀kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí níwájú rẹ̀, yóò fi ìka tọ́ àwòrán, yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì ní kí ẹ tún un kà. Ohun tó rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ kí a jọ wá lónìí.

Ìgbàgbọ́ mi ni pé àwọn ìwé wọ̀nyí pẹ́ láyé nítorí pé àwọn tó ṣe wọ́n bọ̀wọ̀ fún ọmọdé. Wọ́n fún un ní iṣẹ́ ọwọ́ tó pé, wọ́n sì fọkàn tán ojú rẹ̀ pé yóò rí ohun tí ẹnu kò sọ. Ẹ jẹ́ kí n kó ẹ̀rí mi sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí àwòrán di olùkọ́

Ní ọdún 1658, ní ìlú Nuremberg ní ilẹ̀ Jámánì, ìwé kan jáde tí àwọn onímọ̀ kà mọ́ àwọn baba ńlá ìwé àwòrán ọmọdé. Orbis Sensualium Pictus ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó ṣe é ni Jan Amos Komenský, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Comenius, olùkọ́ àti òjíṣẹ́ Ọlọ́run ọmọ ilẹ̀ Moravia, tí ìjà ẹ̀sìn lé kúrò nílùú bàbá rẹ̀. Comenius gbà pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ bí wọ́n bá ń mú un há ọ̀rọ̀ sórí láìmọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún. Ó wá kó nǹkan bí 150 àwòrán jọ, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sí ìwé: iná, omi, ẹyẹ, oko, ilé ìtẹ̀wé, ilé ẹ̀kọ́. Ó fi nọ́ńbà sí ara ohun kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àwòrán, ó sì fi nọ́ńbà kan náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ tó bá a mu ní èdè Látìn àti ní èdè Jámánì. Ọmọ á wo nǹkan, á wo nọ́ńbà rẹ̀, á sì fi ìyẹn rí ọ̀rọ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà, ó tún to álífábẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ pẹ̀lú àwòrán ẹranko tí igbe rẹ̀ jọ ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà wa ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Ohun tí Comenius fi ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ nìyẹn, ìlànà náà sì dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé ABD tí àwòrán ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà A, àti àwọn ìwé Aláwìíyé tí Olóyè J. F. Ọdúnjọ kọ fún àwọn ọmọ Yorùbá, ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀: kí ojú kọ́kọ́ mọ nǹkan, kí ahọ́n tó pè é.

Ṣùgbọ́n ìwé Comenius, ìwé ẹ̀kọ́ ni. Ó gba nǹkan bí igba ọdún kí ìwé tó wà fún ìgbádùn ọmọdé tó di ohun tí àwọn ògbólógbòó ayàwòrán ń fi gbogbo agbára wọn ṣe. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni mo fẹ́ mú yín lọ wò ó.

Ìwé tí wọ́n kó nílẹ̀ nítorí àwòrán

Ní ọdún 1865, ilé iṣẹ́ Macmillan gbé ìtàn Alice jáde, èyí tí Lewis Carroll kọ. Charles Dodgson ni orúkọ rẹ̀ gan-an, olùkọ́ ìṣirò ni ní Yunifásítì Oxford, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń san owó ìtẹ̀wé náà. Ẹni tó bá a ya àwòrán ni John Tenniel, gbajúmọ̀ ayàwòrán ìwé ìròyìn Punch, tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ nínú eré idà tí òun àti bàbá rẹ̀ ń ṣe. Àwòrán 42 ni Tenniel yà, àwọn agbẹ́gi tí wọ́n ń pè ní Dalziel sì gbẹ́ wọn sára pákó.

Wọ́n ti tẹ 2,000 ẹ̀dà tán, Carroll sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi díẹ̀ ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ, nígbà tí Tenniel ránṣẹ́ pé bí wọ́n ṣe tẹ àwọn àwòrán náà kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ẹni tó kàn fẹ́ pa owó ì bá ní ọmọdé ni yóò kà á, ọmọdé kò sì lè mọ̀. Carroll kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó kó gbogbo rẹ̀ nílẹ̀, ó bẹ àwọn tó ti fún pé kí wọ́n dá a padà, ó sì gbé iṣẹ́ náà lọ fún atẹ̀wé mìíràn láti tún un ṣe. Àwọn ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó ṣẹ́ kù láyé lónìí kéré débi pé àwọn olówó ń jìjà dù wọ́n ní gbàǹjo.

Ohun tí mo fẹ́ kí a mú níbẹ̀ ju owó gbàǹjo lọ. Àgbàlagbà kan fi ara mọ́ àdánù nítorí pé ìlà tàdáwà kò mọ́ tó lójú ewé tí ọmọdé yóò ṣí. Irú ọkàn yẹn ni ó ń mú kí ìwé pẹ́.

Ilé ìtẹ̀wé Edmund Evans

Ẹni tó yẹ kí a máa dárúkọ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, tí a kì í sábà dárúkọ, kì í ṣe òǹkọ̀wé tàbí ayàwòrán. Atẹ̀wé ni, Edmund Evans, tí wọ́n bí ní ọdún 1826. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, Ebenezer Landells, ọ̀dọ̀ Thomas Bewick ni òun náà ti kọ́ṣẹ́. Bewick ará Newcastle yìí ló sọ fífín àwòrán sára igi líle di iṣẹ́ àrà: dípò kí ó máa gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ pákó, orí igi tí wọ́n rẹ́ lábùú ló ń fín, níbi tí igi ti le jù, tí ìlà tín-ín-rín bí irun lè gbé dúró. Láti ọwọ́ ọ̀gá dé ọwọ́ ọmọṣẹ́, ìmọ̀ yẹn dé ilé ìtẹ̀wé Evans ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni àṣírí ẹwà náà wà. Wọ́n á kọ́kọ́ fín gbogbo ìlà àwòrán sára pákó kan, wọ́n á sì fi tàdáwà tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Wọ́n á gbé ìwé yẹn padà fún ayàwòrán kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn ún ní àwọ̀ tó fẹ́. Lẹ́yìn náà ni Evans yóò jókòó ti àwọ̀ wọ̀nyí, yóò ronú sí iye pákó tí òun lè fi mú wọn jáde: pákó kan fún pupa, òmíràn fún búlúù, òmíràn fún yẹ́lò, òmíràn fún àwọ̀ ara èèyàn. Níbi tí kò bá sí pákó fún àwọ̀ kan, yóò fín ìlà wẹ́wẹ́ sí méjì nínú àwọn tó wà, kí búlúù lè gun orí yẹ́lò kí ojú sì rí i ní àwọ̀ ewé. Ìwé kan náà ni yóò gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀kan fún pákó kọ̀ọ̀kan. Bí pákó kan bá fi díẹ̀ yẹ̀, pupa ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ inú àwòrán yóò bọ́ sí etí rẹ̀, ojú ewé náà sì bàjẹ́ nìyẹn.

Ìgbà yẹn, ìwé ọmọdé olówó pọ́ọ́kú kún ìgboro, àwọ̀ rẹ̀ sì ń ta ojú. Evans gbà pé ohun tí kò wọ́n lè rẹwà bí a bá ro ó dáadáa kí a tó ṣe é, tí a sì tẹ ẹ̀dà tó pọ̀ tó láti bo owó iṣẹ́. Láti ọdún 1865 ni òun àti ayàwòrán Walter Crane ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwọn ìwé tí wọ́n ń tà ní sísì. Crane kì í fi àyè ṣòfò: àga, aṣọ títa, ìkòkò òdòdó, gbogbo rẹ̀ ni ó ń ya bí ẹni tó ń ṣe ilé fún ọba.

Nígbà tó ṣe, ọ̀rẹ́ Evans àtijọ́ kan tó jẹ́ agbẹ́gi, John Greenaway, mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Kate Greenaway gbé àkójọ àwòrán àti ewì tó kọ fúnra rẹ̀ dání. Evans rí i, ó rà á, ó sì tẹ 20,000 ẹ̀dà ìwé Under the Window ní ọdún 1879. Àwọn tó máa tà á fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti pọ̀ jù fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì kan. Kí ó tó ráyè tẹ òmíràn, gbogbo rẹ̀ ti tán lọ́jà.

Ẹ wo nǹkan kan nípa Greenaway tó yẹ kí á ronú sí. Aṣọ tí àwọn ọmọ inú ìwé rẹ̀ wọ̀ kì í ṣe aṣọ ìgbà tirẹ̀. Aṣọ ìgbà àwọn ìyá ìyá wọn ni, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń rán an fún àwọn ọmọ tó ń jókòó fún un láti yà. Ìwé náà ti ní òórùn àtijọ́ lára láti ọjọ́ tó ti jáde. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan tó tẹ̀ lé e ni pé àwọn ìyá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í rán irú aṣọ náà fún ọmọ wọn. Ìrántí àtijọ́ lè fa èèyàn wá sẹ́nu ọ̀nà. Iṣẹ́ tó dára ló ń mú un jókòó.

Ohun tí Caldecott fi sílẹ̀ láìsọ

Nínú gbogbo àwọn tó bá Evans ṣiṣẹ́, Randolph Caldecott ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Chester ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1846. Akọ̀wé báǹkì ni, ní Whitchurch àti ní Manchester, kó tó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ dojú kọ àwòrán. Ara rẹ̀ kò le láti ìgbà èwe. Láti ọdún 1878 títí di 1885, ìwé méjì méjì ló ń gbé jáde lọ́dọọdún tí ọdún Kérésì bá ń sún mọ́lé, mẹ́rìndínlógún ni gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tó di oṣù Kejì ọdún 1886, ó kú sí ìlú St. Augustine ní Florida, níbi tó bá ìrìn àjò lọ. Kò tíì pé ọmọ ogójì ọdún.

Orin ọmọdé tí gbogbo Gẹ̀ẹ́sì mọ̀ ni ó máa ń mú, orin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kún ọwọ́. Ọ̀kan wà nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1882 tó sọ nípa ológbò tó ń ta gòjé, màlúù tó fo òṣùpá, àti abọ́ kan tó bá ṣíbí sá lọ. Orin náà parí síbẹ̀. Ọmọ tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ayọ̀ ni. Caldecott ya abọ́ àti ṣíbí lóòótọ́, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, inú wọn ń dùn. Ẹ wá ṣí ojú ewé kejì: kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀. Abọ́ ti fọ́ wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì, tó hàn gbangba pé òbí ṣíbí ni wọ́n, ti dì í mú lápá, wọ́n ń wọ́ ọ lọ sílé. Gbogbo ìtàn ìfẹ́ tí àwọn òbí kò fọwọ́ sí, pẹ̀lú ìbínú àti àdánù rẹ̀, ló parí sínú àwòrán kékeré kan tí kò ní gbólóhùn.

Nínú ìwé kan náà, orin kékeré kan wà nípa bàbá tó lọ ṣọdẹ kó lè rí awọ ehoro tí yóò fi wé ọmọ rẹ̀. Ní ìparí, Caldecott ya ìyá àti ọmọ níbi tí wọ́n ti ń rìn kiri, ọmọ náà wọ awọ ehoro tetí-tetí. Wọ́n pàdé àwọn ehoro tó wà láàyè, àwọn ehoro tẹjú mọ́ ọmọ, ọmọ náà sì tẹjú mọ́ wọn. Ìbéèrè wo ló wà lójú ọmọ yẹn? Caldecott kò dá a dáhùn. Maurice Sendak, ọ̀kan nínú àwọn ayàwòrán ọmọdé tó lókìkí jù ní Amẹ́ríkà, kò yé sọ pé ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni ìwé àwòrán ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí Caldecott rí ni pé ọ̀rọ̀ àti àwòrán gbọ́dọ̀ máa bára wọn lò bí ìyá ìlù àti omele: ọ̀kan kì í tún ohun tí èkejì wí wí, síbẹ̀ ijó kan ṣoṣo ni wọ́n ń lù fún. Ọ̀pọ̀ ìwé òde òní ló kùnà níbí. Ọ̀rọ̀ ní ajá ń sáré, àwòrán fi ajá tó ń sáré hàn, ó tán. Kò sí iṣẹ́ tó kù fún ojú ọmọ láti ṣe. Ní Amẹ́ríkà, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ayàwòrán ìwé ọmọdé tó peregedé jù láti ọdún 1938, orúkọ Caldecott ló ń jẹ́.

Lẹ́tà tí ó di ìwé

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1893, obìnrin kan tó ń jẹ́ Beatrix Potter kọ lẹ́tà láti ilẹ̀ Scotland sí ọmọ ọdún márùn-ún kan, Noel Moore, ọmọ obìnrin tó ti fìgbà kan jẹ́ olùkọ́ rẹ̀ nílé. Ara ọmọ náà kò yá. Potter kò mọ ohun tí yóò kọ sí i, ó wá ń sọ ìtàn ehoro mẹ́rin àti ìyá wọn, ó sì ń ya wọ́n sí àárín ọ̀rọ̀ bó ṣe ń kọ ọ́ lọ. Nígbà tí ó rò ó lẹ́yìn ọdún mélòó kan pé lẹ́tà yẹn lè di ìwé, ó béèrè lọ́wọ́ Noel bóyá ó ṣì wà. Ọmọ náà ti tọ́jú rẹ̀.

Àwọn ilé ìtẹ̀wé tó kọ́kọ́ gbé e lọ bá kò gbà á. Potter fi owó ara rẹ̀ tẹ 250 ẹ̀dà ní oṣù Kejìlá ọdún 1901. Ó fẹ́ kí ìwé náà kéré, kí ọwọ́ ọmọdé lè ká a. Ó sì fẹ́ kí ó wà ní owó tí ọmọdé lè rí. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Frederick Warne wá gbà á, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ àwọ̀ lára gbogbo àwòrán, wọ́n gbé e jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 1902 ní ṣílè kan, 8,000 ẹ̀dà lẹ́ẹ̀kan náà. Ilé ìtẹ̀wé Edmund Evans ló tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ìgbà ti yí padà: wọn kò fín pákó mọ́. Kámẹ́rà ni wọ́n fi ń ya àwọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sí pupa, búlúù àti yẹ́lò, kí wọ́n tó wá tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé ara wọn. Ọ̀nà tuntun yìí ló jẹ́ kí àwòrán tí Potter fi ọ̀dà olómi kùn dé ọwọ́ ọmọdé láìsí pé agbẹ́gi dá sí i.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí. Ojú ewé kan jẹ́ àwòrán, èyí tó kọjú sí i ní gbólóhùn díẹ̀. Peter, ehoro aláìgbọràn, wọ kóòtù búlúù, ó fi ẹsẹ̀ méjì dúró bí ọmọ èèyàn, ó ń jẹ ẹ̀fọ́ olóko. Nígbà tí olóko lé e, bọ́tìnnì kóòtù náà há sínú àwọ̀n. Ó bọ́ kóòtù sílẹ̀ kó lè rí ẹ̀mí sá. Nínú àwòrán tí ó ti ń sá lọ, ẹ wo ara rẹ̀: ehoro inú igbó lásán ni, tó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sáré, tí ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀, tí etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí. Aṣọ ni ó sọ ọ́ di ọmọ ilé. Ìbẹ̀rù sì dá a padà sí ẹranko. Kò sí ibi tí Potter ti dúró ṣàlàyé èyí fún ọmọdé. Àwòrán ló gbé e.

Báwo ló ṣe mọ ara ehoro tó bẹ́ẹ̀? Ó sin ín, ó sì ń yà á tí ó bá sùn, tí ó bá ń jẹun. Onímọ̀ nípa olú ni pẹ̀lú. Ní ọdún 1897 wọ́n ka iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Linnean Society ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí òun fúnra rẹ̀ kò lè wọ̀ nítorí pé obìnrin ni. Ojú tó fi wo olú náà ló fi wo ehoro. Nígbà tí owó ìwé dé, ó fi ra oko ní àgbègbè adágún omi ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó fi jẹ́ pé nígbà tó kú ní ọdún 1943, ó fi ilẹ̀ tó lé ní 4,000 éékà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ National Trust. Òkè àti ọgbà tó wà nínú àwọn ìwé rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ lónìí.

Èèrí tó wà lára ẹwà

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí mo bá parí ọ̀rọ̀ síbí, mo ti rẹ́ yín jẹ. Ẹ̀ka kan wà nínú ìwé àwòrán àtijọ́ tí ó pa àwọn ọmọ wa lára. Ní ọdún 1899, Helen Bannerman, ará Scotland tó ń gbé ní Íńdíà, gbé ìwé Little Black Sambo jáde. Ìtàn náà dùn, ẹkùn sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán ọmọ dúdú tó wà nínú rẹ̀, àti èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ tí àwọn ayàwòrán mìíràn yà sí i ní Amẹ́ríkà, sọ ojú dúdú di ẹ̀fẹ̀. Orúkọ ọmọ inú ìwé náà sì di èébú lẹ́nu àwọn ọmọ ilé ìwé.

Àwọn òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, W. E. B. Du Bois àti Jessie Fauset, kò fi ẹnu lásán bá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jà. Láti oṣù Kìíní ọdún 1920 títí di oṣù Kejìlá ọdún 1921, wọ́n gbé ìwé ìròyìn ọmọdé The Brownies' Book jáde ní New York, ẹ̀dà 24, pẹ̀lú àwòrán àwọn ọmọ dúdú tó lẹ́wà tó sì ní iyì. Àìtó owó ló mú kó dáwọ́ dúró. Nígbà tí onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, Nancy Larrick, yẹ ìwé ọmọdé 5,206 wò ní ọdún 1965, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún mẹ́ta, 349 péré ló bá tí aláwọ̀ dúdú kan wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé The Snowy Day tí Ezra Jack Keats ṣe ní ọdún 1962 fi jẹ́ ohun ńlá: ọmọ dúdú kan ń ṣeré nínú yìnyín, kò sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà dé Èkó pẹ̀lú. Chinua Achebe kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìgbà tí ọmọbìnrin òun bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, òun ṣàkíyèsí pé èrò òdì nípa àwọ̀ ara ń wọ ọ́ lọ́kàn. Ó wá tú àwọn ìwé tó ń fi owó gọbọi rà fún un ní ṣọ́ọ̀bù ńlá. Àwọ̀ wọn ń dán, ohun tó wà nínú wọn sì jẹ́ májèlé. Akéwì Christopher Okigbo, tó ń ṣojú ilé ìtẹ̀wé Cambridge nígbà náà, ni ó rọ̀ ọ́ pé kó kọ tirẹ̀. Bí Chike and the River ṣe jáde ní ọdún 1966 nìyẹn.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò ta ko ohun tí mo ti ń sọ bọ̀, ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni. Bí àwòrán bá lágbára tó láti gbé ayọ̀ wọ inú ọmọ fún gbogbo ayé rẹ̀, ó lágbára tó láti gbé ìtìjú wọ ibẹ̀. Ọ̀wọ̀ fún ọmọdé kò pé bí kò bá kan gbogbo ọmọ.

Àwọn tiwa

A ní àwọn tiwa tó yẹ kí á máa gbé gẹ̀gẹ̀. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Agbarha-Otor tí wọ́n bí ní 1932, wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Zaria tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní ọdún 1958, tí wọ́n ní àwọn kò ní fi ojú Òyìnbó nìkan wo ayé. Ó pẹ́ tó fi jẹ́ olùkọ́ àwòrán ní St. Gregory's College, ní Ọbáléndé. Òun ló ya àwòrán sí An African Night's Entertainment tí Cyprian Ekwensi kọ, èyí tó jáde ní Èkó ní ọdún 1962, tí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé kà. Ní 1968, nígbà tí Wọlé Ṣóyínká túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà kọ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, Onobrakpeya náà ni wọ́n pè. Ìwin àti ọdẹ tó yà níbẹ̀ kò jọ ti ìwé Òyìnbó. Ìlà wọn nípọn, ara wọn kún fún ọnà àti àmì, ọ̀nà tí àwọn agbẹ́gilére wa ń gbà ṣe ojú àti orí ló sì hàn nínú wọn.

Ohun tí Evans àti Potter ṣe fún àwọn ọmọ ìlú wọn, òun ni ọkùnrin yìí ṣe fún tiwa: ó wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dáadáa, kò sì fún ọmọdé ní àjẹkù iṣẹ́.

Ohun tó yẹ kí a ṣe

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, kí ẹ tó sanwó ìwé àwòrán, yálà àtijọ́ tàbí tuntun, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, bí mo bá fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀, ǹjẹ́ àwòrán ṣì ń sọ nǹkan fún ojú? Èkejì, ẹni tó yà á, ǹjẹ́ ó wo nǹkan náà fínnífínní, àbí ó kàn ṣe é kó lè tán? Ẹ̀kẹta, irú ojú wo ni ìwé yìí fi wo èèyàn, ojú wo ni ó sì fi wo ọmọ tó dà bí tèmi? Ìwé tó bá yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ rà á kódà bí èèpo rẹ̀ bá ti ṣá. Bí owó kò bá sí, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ Caldecott, Greenaway àti Potter ti wà lófẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì nítorí pé ó ti pẹ́ tí wọ́n kú. Fóònù tó wà lápò yín lè ṣí i. Ẹ jókòó ti ọmọ náà, ẹ má ṣe yára ṣí ojú ewé, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé, àwọn ìwé ọmọdé Yorùbá àtijọ́ ń bàjẹ́ lọ nínú ọ̀rinrin, lẹ́nu ikán àti eku. Ọmọdé ló lò wọ́n, nítorí náà èyí tó ṣẹ́ kù kì í pọ̀. Ẹ gbé wọn jìnnà sí oòrùn àti ògiri tó ń tutù. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú ewé tó ya. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò pọ́n, yóò sì jẹ ìwé náà ju yíya lọ. Ẹ yà wọ́n sínú kọ̀ǹpútà kí ó tó pẹ́ jù.

Ẹ̀yin ilé ìtẹ̀wé, ẹ kọ orúkọ ayàwòrán sí iwájú ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ òǹkọ̀wé, kí ẹ sì san owó tó tọ́ sí i. Ẹ pè é kí ọ̀rọ̀ tó gbẹ, kó lè sọ ibi tí òun ti fẹ́ kí ọ̀rọ̀ dákẹ́ kí àwòrán lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ayàwòrán wa, ẹ lọ jókòó ti ewúrẹ́, ti ìyá aláta, ti òjò orí páànù, kí ẹ tó yà wọ́n. Ọmọ wa yóò mọ̀ bí ẹ bá yà wọ́n láìrí wọn.

Ìgúnlẹ̀

Àgbálọgbábọ̀ ọ̀rọ̀ mi ni èyí. Carroll àti Tenniel kó ìwé nílẹ̀ nítorí ìlà tí kò mọ́. Evans to pákó lé pákó kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ inú àwòrán lè pọ́n níbi tó yẹ. Caldecott fi ojú ewé kan sílẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ nítorí ó mọ̀ pé yóò yé ọmọdé. Potter fi ìmọ̀ tí ó fi ń wo olú ya ehoro fún ọmọ kan tí ara rẹ̀ kò yá. Onobrakpeya gbé ọnà ilẹ̀ wa wọ inú ìwé. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó rò pé iṣẹ́ tí kò pé ti tó fún ọmọdé.

Ìwé tí a bá ṣe báyìí lónìí yóò di àtijọ́ lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ ọmọ wa yóò sì máa wá a kiri. Iṣẹ́ náà wà níwájú wa, àwọn tó lè ṣe é sì jókòó sínú gbọ̀ngàn yìí.